Ẹ̀jẹ̀ Tó Lé Mi Kúrò Lórí Ẹní Kéwú Ìyá Mi

Allahu Akbar! Ẹ gbé e sókè sí i, ẹ̀yin ìyá mi: Allahu Akbar! Ọlọ́hun tó mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ, tó mọ ohun tó wà nínú ọkàn, Ìwọ ni mo kọ́kọ́ kí kí n tó kí ènìyàn. Alhamdulilahi!

Ẹ̀yin ìyá àsàlátù, ẹ̀yin àbúrò mi, asalamu alaekum. Ẹ kú ìjókòó. Mo ti wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ọkùnrin kankan níbí. Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí. Tí ojú bá ń ti ẹlòmíràn nínú yín, kó wolẹ̀. Èmi ti tijú tó.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ràmátù, ọmọ Alhaja Àgbà tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgbo ilé wa. Àwọn tó bá dàgbà tó mi nínú yín á rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ẹ rántí òórùn tàdáwà tí a fi ń kọ wàláà? Ẹ rántí àmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí omi rẹ̀ máa ń tutù ju ti fìríìjì lọ? Lẹ́yìn ìrun Alásárì, àwọn obìnrin á máa ti ọjà Ìpàta bọ̀, àwọn tó ta iṣu, àwọn tó ta ọkà, erùpẹ̀ ọjà ṣì wà létí ìró wọn. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á fọ ẹsẹ̀, wọ́n á jókòó sórí ẹní. Ẹni tó bá ra wàrà á bù ú fún àwa ọmọdé. Ìyá mi á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Á wá bẹ̀rẹ̀. Háà! Ohùn ìyá mi! Tó bá ń ke Àlùkùràánì, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà á dúró. Mo ti gbọ́ ohùn púpọ̀ láyé, n ò tíì gbọ́ irú rẹ̀.

Kí ó tó kú, ó fi ẹní yẹn lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ràmátù, má jẹ́ kí ibí yìí dákẹ́." Mo ní mo gbọ́. Mo sì ṣe é fún ọdún mẹ́rìnlá. Mo le díẹ̀, mo mọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ẹnu mi á bá a dé ilé ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò dákẹ́.

Ìgbà tí mo pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Ooru ló kọ́kọ́ dé. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo ènìyàn ń sán, èmi ń làágùn. Á gbéra láti àyà, á gun ọrùn, á gun orí, híjáàbù mi á rin gbingbin. Oníkẹ́míìsì tó wà ládùúgbò wa ní ibà ni. Mo lo oògùn ibà. Ó tún ní ibà ni. Mo tún lò ó. Lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé dé. Súrà tí mo ti mọ̀ láti kékeré, màá dé àárín rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á fò lọ. Àwọn obìnrin á máa wo ojú mi. Màá bínú sí wọn, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n jí i gbé.

Mo ní àwọn ọ̀tá ni. Ẹ ṣáà mọ̀ wá. Mo ní ẹnìkan fẹ́ gba ẹní ìyá mi. Mo mu hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, títí tí tàdáwà fi fẹ́ di ẹ̀jẹ̀ lára mi. Mo sì gba hàǹtú gbọ́ o, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni wọ́n fọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ìrọ̀rùn tí mo ń wá kò dé.

Ẹ̀jẹ̀ ló wá fọba lé e. Nǹkan oṣù mi tó máa ń dé bí ẹni tó mọ ojú ọjọ́, ó di ohun tí kò ní àkókò mọ́. Á dà fún ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, á dá fún ọjọ́ méjì, á tún bẹ̀rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Gbogbo ìgbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀, màá ní òmíràn ló dé yẹn, màá fi ìrun sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí ó fi di oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta! N ò kírun. Èmi tí mo ń kọ́ni!

Ẹ tún gbọ́ èyí tó burú jù. Tí ládàánì bá pè, màá gbé kẹ́tùlù àlùwàlá, màá wọ yàrá, màá ti ilẹ̀kùn. Màá jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti tó ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń kírun, màá jáde. Nítorí kí àwọn ọmọ mi má baà bi mí. Nítorí kí ẹ̀yin náà má baà sọ pé, "Ṣé Alhaja ò tíì mọ́ ni?" Astagfirulahi. Mo sì sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé orúnkún ń dùn mí, kí wọ́n sinmi ná. Lọ́kàn mi, mo ní irú ara báyìí kò yẹ kó jókòó sórí ẹní yẹn. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi ṣe dákẹ́ nìyẹn. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn a máa dùn mí ju inú rírun lọ.

Nímọ́tà, àbúrò mi tó ń gbé ní Basin, ni Ọlọ́hun fi ṣe sábàbí. Mo lọ kí i lọ́jọ́ Àlàmísì kan. A ń sọ̀rọ̀, à ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde báyìí, mo wo àga tí mo jókòó lé. Háà. Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì. Nímọ́tà dìde. Ó gbé omi àti ọṣẹ, ó fọ̀ ọ́, ó fún mi ní ìró. Ìgbà tó ṣe tán ló jókòó ti ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, "Àǹtí mi, ó ti tó ìgbà wo?"

Mo ní, "Ìgbà wo ni kí ni?"

Ó ní, "Àǹtí, ẹ má ṣe irú ìyẹn fún mi. Ojú yín ti funfun bíi ẹ̀kọ tútù. Olójú kì í lajú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́. Dókítà àwọn obìnrin wà. Ọ̀la la máa lọ."

Bàbá Músílíù, ọkọ mi, ní tirẹ̀, ìgbà tí mo sọ fún un, ó jókòó tì mí. Ó wá ní, "Mo ti ń rí i pé o ń gbẹ. Mo rò pé èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́ ni." Ẹ wo ìyà tí àìsọ̀rọ̀ ń kó bá ilé!

Dókítà tí a bá ní ilé ìwòsàn, obìnrin ni, ó wé híjáàbù, ọmọ Gàmbàrí ìlú wa níbí ni, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ. Kò yára. Ó bi mí ní gbogbo ìbéèrè. Ó wá ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó ṣe yín. Ọjọ́ orí ló dé. Ara yín ń múra àtifi nǹkan oṣù sílẹ̀, kò tíì fi í sílẹ̀ tán. Họ́mónù yín ń gòkè, ó ń sọ̀. Òun ló ń fa ooru, ó sì lè fa ìgbàgbé, ó sì lè da ẹ̀jẹ̀ rú. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí, a ò ní fojú di í. A máa yẹ inú ilé-ọmọ wò ná kí n tó kọ oògùn kankan."

Ó wá bi mí pé ṣé kò dí ìjọsìn mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ purọ́. Ọlọ́hun kò jẹ́. Ẹkún ló gbọ̀n mí. Mo ní, "Dókítà, n ò kírun láti oṣù mẹ́ta."

Ó ní, "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Màmá?"

Mo ní, "Mo ń kọ́ àwọn obìnrin ní kéwú."

Ó ní, "Tí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá wá bá yín pé ẹ̀jẹ̀ ò dá lára òun, kí lẹ máa sọ fún un?"

Ẹnu mi la fúnra rẹ̀. "Tó bá ti kọjá iye ọjọ́ tó yẹ, ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni. Kó wẹ̀, kó di ara rẹ̀ dáadáa, kó ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kó kírun."

Ó ní, "Dókítà ni mí, n kì í ṣe áfáà. Ẹ lọ bá áfáà yín kó bá yín ka ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ti dáhùn."

Lóòótọ́, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ẹlòmíràn, n ò lè kọ́ ara mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ áfáà wa, ó ní, "Alhaja, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ ìyàwó mi ní ọ̀rọ̀ yìí?" Ọjọ́ yẹn ni mo wẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kírun. Mo wà nínú ìforíkanlẹ̀ títí, n ò fẹ́ gbórí sókè. Subhanalahi! Ẹ bá mi dúpẹ́!

Wọ́n ya àwòrán inú mi, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n mú díẹ̀ nínú awọ ilé-ọmọ lọ yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dúró de èsì. Ẹ má bi mí bí mo ṣe sùn. Jẹjẹrẹ ni mo ń rò. Ìgbà tí èsì dé, kò sí jẹjẹrẹ, ẹ̀jẹ̀ ni kò tó lára mi. Alhamdulilahi! Dókítà kọ oògùn ẹ̀jẹ̀, ó sì kọ oògùn họ́mónù.

Ibi tí orí kunkun mi ti jáde nìyẹn. Mo gba oògùn họ́mónù ní ilé oògùn kan ní Challenge, mo jù ú sí ìsàlẹ̀ àpótí. Mo ní n ò ní lò ó. Mo ní Ọlọ́hun ló kádàrá àgbà, ta ni mo jẹ́ tí màá máa fi oògùn bá a jà? Mo ní ìyá mi náà ti ibẹ̀ kọjá, kò lo hóró kan.

Pẹ̀lú ìgbéraga yìí ni mo lọ kí Ìyá Sáfù lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni, òun ló kù nínú àwọn tó jókòó sórí ẹní àkọ́kọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Mo rojọ́ fún un. Mo ní, "Ìyá mi fara dà á. Èmi náà á fara dà á."

Ìyá Sáfù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ràmátù, ta ló sọ fún ọ pé ìyá rẹ fara dà á? Ṣé o rántí ọdún tó fọ́ wàláà rẹ?"

Mo rántí. Ṣé èèyàn lè gbàgbé? Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Mo ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, ìyá mi já wàláà gbà lọ́wọ́ mi, ó là á mọ́lẹ̀, ó fọ́ sí méjì. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Lọ́dún yẹn, ó tú àwọn obìnrin ká látìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé. Ó ń rẹ aṣọ sínú omi, ó ń fi bo orí lọ́sàn-án gangan. Mo rò pé kò fẹ́ràn mi mọ́. Mo gbé ìrò yẹn dàgbà ni.

Ìyá Sáfù ní, "Ẹ̀jẹ̀ ló ń da ìyá rẹ láàmú. Èmi ni mò ń bá a fọ aṣọ. Ó di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kan, ó ní, 'Ìyá Sáfù, tí mo bá mọ ibi tí ẹni tó lè sọ ohun tó ń ṣe mí wà, ẹsẹ̀ ni màá fi rìn débẹ̀, kó jẹ́ Kánò.' Kò fara dà á, ọmọ mi. Kò rí ẹni bi ni."

Mo sunkún lórí ẹní Ìyá Sáfù bí ọmọ ọwọ́. Mo ń pe ìyá mi. Mo ń bẹ̀ ẹ́. Ogójì ọdún dín díẹ̀ ni mo fi bínú sí obìnrin tó ń ṣàìsàn.

Ọjọ́ yẹn ni mo yọ oògùn jáde. Mi ò ní tàn yín pé ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì o. Oṣù àkọ́kọ́, orí fọ́ mi, ọyàn dùn mí. Mo padà lọ bá Dókítà, ó yí i padà. Oṣù kẹta, ẹ̀jẹ̀ ti mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ooru dín kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ó wù mí kí n kọrin! Kì í ṣe gbogbo obìnrin ni irú oògùn yẹn bá lára mu, Dókítà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, nítorí náà ẹ má wá tọrọ tèmi lò.

Mo wá tẹ́ ẹní padà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn mọ́kànlá ló wá. Orí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ obìnrin ni mo ṣí, mo sì fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Mo sọ ti kẹ́tùlù. Mo sọ ti ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé wọ́n á dìde lọ. Ìyá kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí n ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Alhaja, tèmi ti di oṣù márùn-ún." Òmíràn ní, "Èmi náà." Ọ̀dọ́bìnrin kan fọwọ́ kan ẹni tó jókòó tì í, ó ní, "Ìyá mi nìyẹn." Ẹ̀yin ènìyàn mi, pẹ̀lú èmi, nínú méjìlá, àwa mẹ́rin ni! A wà nínú ilé kan náà, a ń fi ara wa pamọ́ fún ara wa.

Nítorí náà ni mo ṣe dìde lónìí. Ọlọ́hun, mo dúpẹ́. Ọba tó fi àìsàn hàn, tó fi olùtọ́jú hàn, mo dúpẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ títí n ó fi jókòó.

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, tí o mọ̀ pé ìwọ ni mò ń bá wí: má wo ojú mi, máa wo ilẹ̀ rẹ. Tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, tí ó bá ń dá tí ó ń bẹ̀rẹ̀, má pè é ní àmúwá Ọlọ́hun kí o sì jókòó tì í. Àmúwá Ọlọ́hun ni dókítà náà. Ojú tì ọ́ láti dá lọ? Wá kàn mí lára lẹ́yìn àdúà. N ò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan. Ọ̀la, aago méje àárọ̀, màá ti wọ bàtà mi, màá bá ọ lọ.