Síléètì Tí A Gbé Kọ́ Igi

Nígbà tí eyín ṣì pé sí mi lẹ́nu, ní Òkè-Bùkún níhìn-ín… ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀ ná. Wòlíì fẹ́ gbàdúrà sí i kí ẹ lè yege ìdánwò, àbí? Ẹ kú ọgbọ́n. Àwa náà gbọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá kan ti ogun Bọ́mà dé, Bàbá Ṣójà là ń pè é. Ó ní ará Japáànù kan tí wọ́n mú lójú ogun sọ fún òun pé òrìṣà ìwé wà nílùú wọn. Ọ̀mọ̀wé ni òrìṣà náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó wà láyé, wọ́n lé e nílùú. Ó kú tán, wọ́n kọ́lé fún un, wọ́n ń bọ ọ́. Ibi gbogbo náà ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbí? Àwọn ọmọ iléèwé a máa kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sára pákó, wọn a gbé e kọ́ síbẹ̀. Èdè wo lòun àti ará Japáànù fi sọ ọ́? Ta ni yóò bi ṣójà?

Ọdún yẹn ni mo fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ iléèwé àgbà ní Kábà. Bàbá mi ti ní, "Bó o bá yege, wàá lọ. Bó ò bá yege, ìdí òfì ń dúró dè ọ́." Ẹ̀rù bà mí. Ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi bá mú síléètì wa, a kọ "Mo fẹ kọ iwe" sí i, a gbé e kọ́ igi ọsàn Bàbá Ṣójà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Okun o, Bàbá." Mo ń kí òrìṣà Japáànù bí ẹni ń kí ará Bùnù. Odidi oṣù kan… Kò sí síléètì tí a ó fi ṣe ìṣirò mọ́, ṣùgbọ́n a ní òrìṣà.

Ìyá tó bí Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi nìkan ló kọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ìwé ni mo ní kí o kọ́. N kò ní kí o kọ́ síléètì sórí igi."

Èsì dé, Dúpẹ́ nìkan ló yege. A wọ́ tọ Bàbá Ṣójà lọ. Ó wo síléètì títí, ó ní, "Ẹ̀bi yín ni. Ẹ ò fi àmì sórí 'kọ'. Òrìṣà rò pé ẹ fẹ́ kọ̀ ìwé ni. Ó sì ti gbọ́ àdúrà yín."

Ìdí òfì ni mo wà títí mo fi relé ọkọ. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin ní iná, ẹ ní ìwé tó kún ilé, wòlíì lẹ tún ń wá. Ẹ kàwé o.

Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí bàbá yín, Dúpẹ́ ni. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ó ní kí n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣebí ẹgbẹ́ ni wá.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."