Òrí Tí Mo Fi Pa Páànù Ìdánwò

Aunty Rasheedat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹja yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí n kò bá sọ ọ́ báyìí, àbúrò yín ni yóò pa. Èmi Hàlímátù tí ẹ ń pè lọ́mọ, òpùrọ́ ni mí.

Ẹ ṣáà mọ ọ̀dà tí à ń pò ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Alápẹ̀rẹ̀, èyí tí a ní bí a bá fi kun apá bàálù, omi kò ní lè dúró lórí rẹ̀ débi tí yóò fi di yìnyín. Ẹ̀yin lẹ yá wa ní yàrá ẹja dídì yín ní Mile 12 yìí láti máa fi dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi iyanrìn ha páànù tí a fi kùn, bí eruku ọyẹ́ ṣe máa ń ha apá bàálù, yìnyín lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Èmi ni mo sì po ọ̀dà yẹn. Ojú tì mí, nítorí Ọ̀gá wa, Olúrántí, àti Akóredé àbúrò yín, tí yóò wa bàálù tí a fẹ́ fi ọ̀dà náà kùn, ti ń bọ̀ wá fojú ara wọn rí i.

Mo rí ike òrí tí ẹ fi ń pa ọwọ́ kí òtútù má baà là á. Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Olúwadàmọ́lá tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní kó panu mọ́, pé a ó tún ọ̀dà náà pò kó tó kan bàálù. Mo fi òrí pa páànù fẹ́ẹ́rẹ́, mo wọ́n omi sí i, mo gbé e sínú òtútù. Omi náà ti dì kí wọ́n tó dé. Akóredé fi ìka kan ta yìnyín, ó já bọ́ wẹ́rẹ́. Ó ní, “Hàlímátù, o ti gba ẹ̀mí wa là.” Mo sì dúpẹ́. Ẹ wo ìwà burúkú, mo dúpẹ́.

Àṣé wọn ò ní dúró kí a tún ọ̀dà náà pò. Àárọ̀ yìí ni mo gbọ́ pé wọ́n ti fi kun bàálù, pé ọ̀sán yìí ni Akóredé ń gbé e lọ sínú ìkùukùu tútù. Bí yìnyín bá dì mọ́ apá yẹn, bàálù náà yóò já ni. Mo pe Ọ̀gá, wọn ò gbé e. Mo pe Akóredé, mo jẹ́wọ́, ó ní ẹ̀rù lásán ló ń bà mí, ṣebí ìka òun lòun fi ta yìnyín náà. Irọ́ mi ló gbà gbọ́.

Aunty, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ dàgbà, yóò gbọ́ tiyín. Tó bá ní ẹ̀rí dà, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin fúnra yín pariwo lọ́jọ́ kejì pé ta ló fọwọ́ kan òrí yín. Èmi ni. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù yẹn, ẹ fi mí lé ẹni tó bá wù yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ọwọ́ yín, ẹ gbé fóònù.