Èmánúẹ́lì Rájí Ti Ríṣẹ́ o

Ẹ yin Olúwa! Rárá o, ìyẹn ò tó. Ẹ yin ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ múná dé ládùúgbò ẹ̀! Ẹ ṣé.

Mo dúpẹ́ pé mo di máìkì yìí mú lónìí, tí kì í ṣe pé mo fẹ́ gbé e lọ tún ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé látìgbà tí mo ti ṣe WAEC tán, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní ni kí n máa bá kúáyà gbé sípíkà. Mi ò lè kọrin. Àwọn náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé sípíkà fún mi.

Orúkọ mi ni Èmánúẹ́lì Rájí. Ẹ má rẹ́rìn-ín jọ̀ọ́. Bàbá bàbá mi l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ladani ni wọ́n, àwọn ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Bàbá mi wá gba Jésù, àmọ́ wọn ò ju orúkọ bàbá wọn nù. Wọ́n bí mi, wọ́n sọ mí ní Èmánúẹ́lì. Bí mo ṣe kó ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sínú CV kan náà nìyẹn.

Mo wáṣẹ́ dé ilé ìwé kan ní Surulere, ti pásítọ̀ kan ni. Wọ́n ń wá ẹni tó máa gbálẹ̀, tó máa lu aago. Àǹtí tó wà ní ọ́fíìsì rí Rájí, wọ́n ní, "Brother, ọmọ ìgbàgbọ́ la ń wá o."

Mo ní, "Àǹtí, ọmọ ìgbàgbọ́ ni mí! Mo tiẹ̀ ń gbé sípíkà."

Wọ́n ní àwọn á pè mí. Mi ò tíì pa fóònù yẹn dòní.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà kan ní Mushin. Alhaji tó ni ín pariwo, "Rájí! Ọmọ tiwa!" Inú mi dùn dé ìpàkọ́. Wọ́n wá ní, "Orúkọ ẹ gan-an ńkọ́?" Kí n tó pe Èmánúẹ́lì tán, wọ́n ti ń wo fáànù.

Ẹ̀gbọ́n kan tó fẹ́ràn mi wá sọ fún mi pé, "Emma, Rájí yẹn ló dínà ẹ. Lọ búra ní kóòtù, sọ ọ́ di Olúwarántí."

Mo wọ bàtà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ, àmọ́ mọ́mì mi ń nu ilẹ̀ ní ọsibítù kan lápá Ìdí-Àràbà, orúnkún wọn sì ti wú. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Èmi wá wà nílé, mo ga gbọ̀ngbọ̀nràn bíi fíríìjì tí kì í mú omi tutù.

Mọ́mì ní, níbo? Mo sọ fún wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Bàbá ẹ ò kọ́lé sílẹ̀. Ìyàwó Rájí ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Tó o bá pa Rájí rẹ́, ìyàwó ta ni mo wá jẹ́?"

Mo bọ́ bàtà. A ní ká gbàdúrà. Orúnkún wọn ò ṣeé ká, wọ́n jókòó, mo wá kúnlẹ̀ fún àwa méjèèjì. Mo ní, "Ọlọ́run, ẹni tó máa gba orúkọ mi méjèèjì, ẹ fi hàn mí."

Ẹ bá mi pa Halelúyà kan ná!

Mo gbọ́ pé ilé búrẹ́dì Alhaja kan nítòsí Ojú Ẹlẹ́gbà ń wá ẹni tó máa gbé páànù wọ ààrò. Ẹ̀gbọ́n Tajú, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, bi mí lórúkọ. Mo ní Rájí. Kí n tó sọ ìyókù, wọ́n ti ju épúrọ́ọ̀nù lù mí.

Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyẹ̀fun láàárọ̀ tí wọn ò bá tíì gbàdúrà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló sì máa gbà á. Gbogbo wọn tẹ́wọ́. Mo gbàdúrà! Mo bá ààrò sọ̀rọ̀, mo ní kí owó ìyẹ̀fun wálẹ̀, mo ṣàdúrà fáwọn ọmọ Alhaja. Àmín ń dún. Ẹnu mi wá gbàgbé ibi tó wà, ó ní, "Ní orúkọ Jésù la gbàdúrà!"

Háà! Gbogbo ọwọ́ tí wọ́n tẹ́ ló wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Tajú ní, "Rájí wo lèyí?"

Èmi fúnra mi ti ń tú épúrọ́ọ̀nù. Ẹ ò ní láti lé mi, mo mọ ọ̀nà.

Alhaja sọ̀rọ̀ látorí bẹ́ǹṣì wọn. "Tajú, èwo lo ò fẹ́ nínú àdúrà yẹn?"

"Ìparí ẹ̀ ni, Alhaja."

"Owó ìyẹ̀fun tó ní kó wálẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn dáa, mà."

"Ṣe àmín sí ìyẹn nígbà náà." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Kí lorúkọ ẹ kejì?"

"Èmánúẹ́lì, mà."

Wọ́n ní, "Ẹni tó so méjèèjì pọ̀ fún ẹ, ó fẹ́ràn bàbá ẹ̀ gan-an. So épúrọ́ọ̀nù ẹ padà."

Mo sunkún. Mo ní ìyẹ̀fun ló kó sí mi lójú. Wọn ò sì tíì tú ìyẹ̀fun kankan!

Ẹ̀yin ará, mọ́mì mi ti fi iṣẹ́ ilẹ̀ nínù sílẹ̀. Àwọn nìyẹn. Mọ́mì, ẹ má dìde o, ẹ jókòó dáadáa.

À ń ṣiṣẹ́ lónìí Sunday. Alhaja ló ní kí n wá dúpẹ́. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í tètè parí, ni wọ́n bá ní kí Ẹ̀gbọ́n Tajú wá fi mọ́tò búrẹ́dì gbé mi padà. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn á dúró síta. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n wọlé. Àwọn ló wọ jálàbíyà funfun lẹ́yìn yẹn. Ẹ̀yin ọ́ṣà, ẹ má fún wọn ní káàdì àlejò o. Ẹ kàn sún fún wọn kí wọ́n jókòó.

Ẹ bá mi yọ̀! Ẹni tó bá ní Halelúyà, kó gbé e jáde. Ẹ̀gbọ́n Tajú, tó bá jẹ́ Alihamudulilahi ni tiyín, ẹ má sọ ọ́ sínú, sà. Ògo ni fún Ọlọ́run!