Mo Fi Ọ̀rọ̀ Sí Olóògbé Lẹ́nu

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹrù kan wà lọ́rùn mi tí mi ò lè gbé mọ́. Láti ìgbà ooru ni mo ti ń gbé e kiri, tí mò ń ya fídíò, tí mò ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mò ń sọ ọ́ lónìí torí pé obìnrin kan nílé ní Nàìjíríà ti fún mi ní gbèdéke, àti torí pé ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ ti ní kí n tún wá nǹkan mìíràn fún òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ẹ máa bú mi, mo mọ̀. Ẹ ṣáà kà á tán ná.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Àwọn kan nínú yín á dá mi mọ̀, torí èmi ni mo máa ń fi Yorùbá bú àwọn tó ń ṣe fóònù, láti Houston níbí. Ẹ ti gbọ́ ẹnu mi dáadáa. Èmi ni mo sọ pé fóònù tí kò ní ihò tí èèyàn lè ki wáyà etí bọ̀, ìyànjẹ ni. Èmi ni mo sọ pé tẹlifíṣọ̀n tó ń polówó ọjà fún ẹni tó ti fowó rà á, ààtàn ló yẹ ẹ́. Fíìmù tẹ́ ẹ rà lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tẹ́ ẹ bá a pé wọ́n ti mú un kúrò, mo ní olè ni wọ́n, mi ò sì tíì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Fìríìjì tó ń sọ̀rọ̀ ńkọ́? Kí ló fẹ́ bá mi sọ? Pé ẹ̀fọ́ ti tán?

Ṣùgbọ́n ohun tí mo kórìíra jù láyé mi ni ayédèrú. Ṣájà ayédèrú, bátìrì ayédèrú, gbogbo palapàlà yẹn. Mo máa ń fi òòlù fọ́ wọn lójú kámẹ́rà, ẹ̀yin náà á máa pàtẹ́wọ́ pé ọ̀gá ni mí. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, inú sì ń bí mi pé ojú ń tì mí.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọkùnrin náà ní Dádì Lékan. Kì í ṣe orúkọ wọn. Wọ́n wá síbí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ láyé àtijọ́, wọ́n di ẹnjiníà, wọ́n ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí èmi náà dé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, tí mi ò mọ ẹnì kankan, ilé wọn ní Stafford ni mo kọ́kọ́ sùn. Wọ́n bọ́ mi. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ níbí, wọ́n á máa pariwo mọ́ mi pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Mi ò lè sọ pé wọn ò ṣe mí lóore.

Dádì ní àpò kásẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí. Láyé ìgbà tí fóònù ṣọ̀wọ́n, àwọn ìyá tí kò mọ̀wé kọ máa ń sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà sí ọmọ wọn. Ìyá Dádì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti Ìkirè. Àdúrà, ìbáwí, ìròyìn ta ló bímọ, ta ló kú, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ìyá náà kú, ìwé ìgbélùú Dádì ò tíì pé. Bí wọ́n bá jáde nílùú yìí, wọn ò ní lè wọlé mọ́. Wọn ò lè lọ sin ìyá wọn.

Ọ̀kan wà nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà tí Dádì ò gbọ́ rí. Òun ló dé kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ìyá ti wọlẹ̀ tán. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n rò pé ìyá bínú kú ni, pé ó dúró dè wọ́n, tí wọn ò wá. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé àwọn ò gbọ́ ọ. Wọ́n kàn ń tọ́jú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe darúgbó.

Èmi ni mo tọrùn bọ̀ ọ́. Mo ní, "Dádì, kí lẹ fẹ́ fi pàǹtírí yìí ṣe? Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà fún yín." Pàǹtírí ni mo pè é. Nígbà tó yá, wọ́n kó àpò náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n fi aṣọ ìnujú wé ti ìkẹyìn yẹn lọ́tọ̀. Wọ́n ní, "Má gbọ́ ọ o. Ṣáà bá mi gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Mo ti dàgbà. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ìyá mi bá mi sọ kí èmi náà tó kú."

Mi ò fẹ́ kó dàpọ̀ mọ́ àwọn yòókù, ni mo bá gbé e sínú mọ́tò mi, níwájú lábẹ́ gíláàsì. Mo wá bá tèmi lọ, mo lọ ya fídíò nípa ẹ̀rọ àfisétí tuntun kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston, ẹ mọ oòrùn wa. Èmi tí mo ti pariwo títí pé kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù sílẹ̀ sínú mọ́tò! Nígbà tí mo padà dé, kásẹ́ẹ̀tì náà ti ká kò bí ewé tí iná jó.

Ká ní mo ní ọgbọ́n, ǹ bá gbé e lọ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n wà nílùú yìí. Ṣùgbọ́n ṣé èmi, ọ̀gá ẹ̀rọ, ni màá lọ bẹ ẹnì kan? Mo tú u fúnra mi nínú àpátímẹ́ǹtì mi ní Gulfton. Okùn inú ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Mo fà á, ó já. Mo tún fà á, ó já wẹ́wẹ́. Mo bú kásẹ́ẹ̀tì. Mo bú ẹni tó ṣe é. Mo tiẹ̀ bú Dádì nínú yàrá mi, pé kí ló dé tí wọn ò ti gbọ́ ìsọkúsọ yìí láti ọjọ́ tó ti wà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ayé ni mo bínú sí àfi ara mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ farabalẹ̀, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ gan-an wà rèé. Kásẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́, àìbìkítà ni. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ohùn ìyá náà wà nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì yòókù tí mo ti kó sórí kọ̀ǹpútà. Mo gbé ohùn náà fún ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí tó ń fi ohùn èèyàn sọ ohun tí onítọ̀hún ò sọ. Kò mọ Yorùbá í sọ dáadáa. Mo gé, mo lẹ̀, mo fi ariwo kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò ó mọ́lẹ̀ títí tó fi jọ. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó sọ: "Ọmọ mi, mo dúró dè ọ́ títí. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì ọ́. Máa lọ ní àlàáfíà."

Mo rò pé ohun tí Dádì fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Mò ń sọ fún ara mi pé oore ni mò ń ṣe. Irọ́ ni. Ara mi ni mò ń gbà là.

Dádì gbọ́ ọ, wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n dì mọ́ mi. "Ó dùn ún o," ni wọ́n ń sọ. "Mo ti mọ̀ pé ó dùn ún. Ọlọ́run ṣeun tó dárí jì mí." Ara mi balẹ̀. Mo lọ ya fídíò mi, mo bú ẹni tí mo fẹ́ bú, ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́, Dádì ní kí n wá bá àwọn wo tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣe ségesège. Mo débẹ̀ láàárọ̀, ilẹ̀kùn ò tì. Mo gbọ́ ohùn tí mo ṣe. Ó ń jáde látinú ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn máa ń pàṣẹ fún láti kọrin, èyí tí èmi fúnra mi ní kí wọ́n rà. Dádì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn! "Màámi, ẹ má bínú. Màámi, ẹ má bínú sí mi." Ẹ̀rọ ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n ní àràárọ̀ ni àwọn ń ṣe é. Wọ́n ní tí àwọn bá délé ní Ìkirè nígbà ọdún, ojú sàréè gan-an ni àwọn á ti bẹ̀ ẹ́.

Mo tún tẹlifíṣọ̀n náà ṣe, mo sì sá lọ. Mi ò tiẹ̀ mu omi tí wọ́n gbé fún mi.

Dádì ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí àbúrò wọn obìnrin ní Ìkirè. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ní Àǹtí Rónkẹ́. Àǹtí wá nọ́ńbà mi rí lábẹ́ fídíò mi, wọ́n pè mí. Wọn ò dúró kí n kí wọn.

"Ṣé ìwọ lo ṣe ohùn tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ kiri?"

Mo ní, "Ẹ kú ilé mà. Kásẹ́ẹ̀tì ni mo…"

"Panu mọ́! Èmi ni mo gbé rédíò dání níwájú Màámi lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Màámi ò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ta ló ní kó o fi ọ̀rọ̀ sí ìyá mi lẹ́nu?"

Àǹtí wá sọ ohun tí ìyá wọn wí. Ìyá ní: "Má wá o. Wọ́n ní tó o bá wá, wọn ò ní jẹ́ kó o padà. Èmi ìyá rẹ ni mo ní kó o má wá. Ẹni tó bá bú ọ, ní kó wá bá mi níbi tí wọ́n sin mí sí." Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ́rìn-ín, ó béèrè ṣé òótọ́ ni pé ata Amẹ́ríkà kì í ta. Kò sí ìbínú kankan níbẹ̀. Ìbínú tí Dádì ń dọ̀bálẹ̀ fún, èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Àǹtí ní, "Mo ṣe bí ó ti gbọ́ ọ tipẹ́tipẹ́ ni. Ká ní mo mọ̀ ni! Mi ò ní sọ fún un lórí fóònù, àyà ẹ̀ ò le. Ìwọ tó o dì í lo máa tú u. Lọ jókòó síwájú ẹ̀. Tí o ò bá sọ ọ́ kó tó wọ bàálù, níwájú gbogbo ẹbí ni màá ti sọ ọ́, màá sì dárúkọ ẹ."

Mò ń múra àtilọ, àbí mò ń purọ́ pé mò ń múra, ni Dádì pè mí. "Ọmọ mi, ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́? Màámi kì í sọ̀rọ̀ sójú kan kó fi ìkejì sílẹ̀ lófìfo. Kò tiẹ̀ kí ìyàwó mi. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó wò."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Dádì. Màá wò ó."

Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí? Mo ti ṣe ojú kejì náà. Ó wà lórí fóònù mi báyìí. Ọ̀rọ̀ tí Àǹtí sọ fún mi ni mo fi síbẹ̀, títí kan ata. Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí mo bá fi ránṣẹ́, Dádì ò ní dọ̀bálẹ̀ lọ́la. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ náà, ẹnu tó ń sọ ọ́ ló jẹ́ ayédèrú. Mo dọ́gbọ́n bi Àǹtí bóyá mo lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní, "Tún fọwọ́ kan ẹnu ìyá mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o wo ohun tójú ẹ máa rí."

Tí mo bá sì sọ òtítọ́, Dádì á mọ̀ pé ohùn ìkẹyìn ìyá wọn ti bàjẹ́ sínú mọ́tò mi, pé kò tún sí mọ́ títí ayé. Wọ́n á pàdánù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí mò ń sá fún nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ̀wé sábẹ́ fídíò mi pé "ọ̀gá, ẹnu yín dùn," ẹ bá mi dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀rọ ló burú. Ẹ̀rọ ò burú, iṣẹ́ tí mo rán an ló jẹ́. Ẹ má sì sọ pé kí n lọ gbàdúrà. Ẹ sọ fún mi bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyìí, níwájú ẹni tó gbà á sílé.

Dádì, tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti ka èyí sí yín létí kí n tó dé, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún mi tí kò bá wù yín. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde nílẹ̀. Màámi ò bínú sí yín rí.