Fi Yorùbá Sunkún

Nídìí ẹ̀rọ ìlọta kan ní Ìkòtún ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n tò síwájú mi. Gẹ̀ẹ́sì lọmọ ń sọ, Yorùbá nìyá fi ń dá a lóhùn.

"Màámi, wọn ò gbà mí síṣẹ́. Iléèwé Ṣáínà yẹn ní ọmọ ìlú òyìnbó nìkan ni àwọn fẹ́ kó kọ́ àwọn ọmọ àwọn ní Gẹ̀ẹ́sì."

"Ṣé wọ́n gbọ́ bó o ṣe ń sọ ọ́ ṣá?"

"Wọ́n gbọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n tiẹ̀ yìn mí. Ìgbà tí wọ́n rí páṣípọ́ọ̀tù mi ni ọ̀rọ̀ yí padà."

"Orí wọn ò pé! Ìwọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní tíṣà òyìnbó!"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá fi Yorùbá bèèrè omi, ẹ ò ní fún mi, àfi kí n fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè. Ẹ ní òun ló máa gbé mi dókè òkun."

Ló bá bú sẹ́kún. Ìyá nawọ́ láti nù ún lójú, ó rántí pé ata wà lọ́wọ́ òun, ó wá fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún.

"Òfin omi yẹn ti parí lónìí jàre. Fi Yorùbá sunkún, kí n lè bá ọ sun ún."

Ọmọ náà kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì. Ó wá tún un bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá.

"Màámi, ó dùn mí gan-an."

"Mo mọ̀. Ó dun èmi náà, Àbẹ̀kẹ́ mi."