Abà Tí Wọ́n Fi Írésà Pa Rẹ́

Àǹtí Modúpẹ́, ọkọ yín, Bùọ̀dá Akínwùmí, fi írésà pa ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi rẹ́ lára máàpù tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Wọn ò bi mí. Mo ní wọn ò bi mí!

Rárá mà, ẹ má kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíìfù dé, ẹ jókòó. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́, ó ti fẹ́ pa mí.

Èmi náà ni mo gbé máàpù náà lé wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn, torí wọ́n mọ ìtàn ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́ńdọ̀nù ni, àbí? Bàbá dá a sílẹ̀, ọmọ jogún ẹ̀, ọmọ-ọmọ tà á, àwọn tó rà á ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pa, làwọn èèyàn bá ń wá máàpù wọn bí ẹni ń wá wúrà, pàápàá èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ. Bùọ̀dá ní, “Ọpẹ́, ojúlówó nìyí o!” Inú mi dùn bí ọmọdé. Mi ò mọ̀ pé àwọn tó ń kó o jọ kì í fẹ́ rí ìkọkúkọ lára ẹ̀.

Ìkọkúkọ! Ẹ gbọ́ o! Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ya odò wa, wọ́n ya ojú irin, wọn ò ya Abà Olókùúta, abà tiwa. Bàbá mi tó ń fa ṣéènì fáwọn awọnlẹ̀ nínú oòrùn ló fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú àmì róbótó kan. Ìjọba sé odò, omi gba abà, bàbá mi kú. Ibo ni orúkọ yẹn tún wà nínú ìwé? Ibo, mà? Lọ́ńdọ̀nù ò kọ wá, mi ò bínú, wọn ò mọ̀ wá. Ọmọ Ìbàdàn bíi tiwa ló jókòó sí Upper Marlboro ní Amẹ́ríkà níbí tó pa wá rẹ́, tó tún ń rẹ́rìn-ín sí mi pé ó ti mọ́ tónítóní!

Wọ́n láwọn á bá mi wá ẹni tó máa rà á? Ta ló ní mo fẹ́ tà á?

Háà, ẹ má sunkún. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é.

Ẹ wá sójú fèrèsé. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí ipa pẹ́ńsùlù yẹn? Bàbá mi kì í fọwọ́ fúyẹ́ kọ̀wé. Ẹ bá mi di etí ẹ̀ mú, kó má mì. Bírò ni mo máa fi tọ ipa yẹn báyìí. Kí wọ́n máa wí pé mo ti bà á jẹ́.