Omi Tí Mo Gbé Dé Láti Slovenia

Ẹ̀yin ará ìjọ, kí ẹ tó gbé igbá ọrẹ yípo láti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí mo ti gbé mì láti ọdún méjì. Èmi Keziah tí ẹ ń pè ní ọmọ dáadáa, mi ò dáa. Mummy Obed, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yín ni.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń tọ́jú Mummy Obed ní fúláàtì wọn ní Thamesmead níbí, tí mo máa ń kán oògùn sí wọn lójú láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́dún 2014, èmi àti Jemilat tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà fẹ́ lọ fi ọjọ́ márùn-ún gbafẹ́ ní Slovenia, orílẹ̀-èdè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Italy. Mummy rí ìwé pélébé tí wọ́n fi ń polówó ibẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì rèé láàárín omi! Wo agogo tí wọ́n ní èèyàn ń lù tó bá ń tọrọ nǹkan. Keziah, omi tó yí ilé Ọlọ́run ká báyìí, ṣé kò ní lágbára ni? Papers tèmi ò tíì jáde, mi ò lè kúrò ní London. Bá mi bù ú wá, kí n máa fi bọ́jú." Mo ní, "Ẹ má worry, Mummy. Consider it done."

A dé ibẹ̀. Ẹ̀rí tí mo jẹ́ níwájú yín nípa ẹwà ilẹ̀ náà, irọ́ kọ́. Mo wọ reluwé kékeré lọ sínú ihò àpáta ní Postojna, níbi tí òkúta ti ń ro sílẹ̀ bí àbẹ́là tó yọ́. Mo rí àwọn ẹṣin funfun ní Lipica. Adágún Bled, tí ṣọ́ọ̀ṣì náà wà láàárín rẹ̀, la fi sí ọjọ́ tó kẹ́yìn. Àmọ́ nígbà tí a dé Piran létí òkun, oòrùn dára, ara tù mí. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé oúnjẹ fún èèyàn, ẹnì kankan ò gbé tèmi wá bá mi rí. Ọjọ́ kan sí i níbẹ̀ wù mí. Jemilat ló rántí: "Mummy yẹn ńkọ́? Water wọn?" Mo ní ká fi Bled sílẹ̀, ká dúró sí Piran. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Omi náà ni omi, sha. Who go know?" Mi ò lè di ẹ̀bi rù ú. Èmi ni mo ṣèlérí.

Lọ́jọ́ kejì tí a padà dé, mo mú ìgò, mo lọ sí Birchmere Park ní Thamesmead níbí, mo bẹ̀rẹ̀ létí adágún níbi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti ń wẹ̀, mo bu omi. Mo tiẹ̀ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ wo bí mo ṣe fara balẹ̀ ṣe ìkà! Mummy kúnlẹ̀ gbà á. Wọ́n ní, "Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, mélòó lo gùn?" Mo ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, torí mo ti kà á nínú ìwé pélébé náà. "O sì lu agogo yẹn?" Mo ní mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n sunkún, wọ́n gbàdúrà fún mi.

Ṣé ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá o. Láti ọjọ́ náà, Mummy ò jẹ́ kí n kán oògùn sí wọn lójú mọ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ da oògùn pọ̀ mọ́ omi ìyanu. Èmi tí mo mọ ohun tó wà nínú ìgò, mo gbé oògùn ọsibítù sínú dúrọ́ọ̀, mo tì í. Àràárọ̀ ni mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ́jú. Ojú ń tì mí, mo sì dákẹ́. Kí ọdún náà tó parí, ojú ọ̀tún ti fọ́. Dókítà ní oògùn tí wọ́n dá dúró ló fà á. Mummy ní, "Ìgbàgbọ́ mi ló kéré, Keziah." Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní, "Ó máa dáa, Mummy." Ọlọ́run, mo jẹ́ kí wọ́n máa dá ara wọn lẹ́bi!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà dé pé kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú òsì lọ́jọ́ Tuesday. Mummy ní kí n fóònù pé àwọn ò wá mọ́, pé mo máa tún lọ bu omi náà wá. Ẹ̀yin náà sì ti ń dáwó. Mi ò fóònù o. Àyè wọn ṣì wà.

Mummy, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ bú mi, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ mi. Tí ẹ ò bá fẹ́ rí mi lọ́jọ́ Tuesday, Sister Ọmọ́bọ́lá á fi mọ́tò wá gbé yín ní aago méje. Ẹ ṣáà lọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Mi ò dé ṣọ́ọ̀ṣì àárín omi yẹn rí. Mi ò lu agogo kankan. Adágún tí mo ti bu omi yẹn, òun lẹ máa ń wò láti wíńdò kíṣìnì yín láràárọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú kan tó kù máa rí i.